Láti Ọwọ́ Òǹkọ̀wé Dé Ọwọ́ Òǹkàwé: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Gbé Ìwé Jáde

Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kọ ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ìwé náà dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á. Púpọ̀ nínú àwọn tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ìwé kíkọ ni kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin nǹkan méjèèjì. Ní ilé àwọn olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn àròsọ wà nínú àpótí, eré-oníṣe wà lórí àjà, àkójọpọ̀ àlọ́ àti oríkì orílẹ̀ wà nínú ìwé àjákọ tí ikán ti ń jẹ létí. Ọjọ́ tí ẹni tí ó kọ wọ́n bá jẹ́ Ọlọ́run nípè, àwọn ọmọ rẹ̀ lè fi wọ́n dáná láìmọ ohun tí wọ́n ń sun. Kì í ṣe pé gbogbo iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò dára. Àìmọ ọ̀nà tí iṣẹ́ àfọwọ́kọ ń gbà di ìwé ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni a fẹ́ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó dára kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn aṣáájú ti ṣe é. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni ìwé-ìròyìn ti di ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn tí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ń gbà wọlé. Inú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti kọ́kọ́ tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní 1929 àti 1930. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Nígbà tí ìtàn náà fi di ìwé ní 1930, àwọn tí yóò rà á ti wà nílẹ̀.

Ìdíje ni ilẹ̀kùn kejì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà ń ṣe nígbà tí ó fi ìwé rẹ̀ dupò nínú ìdíje tí ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1936. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó ni ó sì gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ilẹ̀kùn kẹta, òun ni ó sì gbòòrò jù lọ. Ìwé kíkà Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ kò wá òǹkàwé kiri. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a kọ ọ́ fún. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí a fẹ́ máa fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, dandan ni ó di kí a wá àwọn tí yóò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí wọn lórí àtẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ìwé tó dé, a ti mọ ibi tí òǹkàwé wà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé tuntun kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, 'Ta ni yóò kà á?' kí ó tó máa béèrè pé, 'Ta ni yóò bá mi tẹ̀ ẹ́?' Ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá ni? Ṣé àgbàlagbà tí ó ń wá ohun tí yóò fi gbádùn ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ni? Ẹni tí ó bá dáhùn pé gbogbo ayé ni yóò ka ìwé òun kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìwé tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì parí. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé gbé e sílẹ̀ fún bí oṣù kan tàbí méjì, kí ó wá padà sídìí rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́. Kí ó kà á sókè, nítorí pé etí ni adájọ́ èdè Yorùbá. Gbólóhùn tí ó bá le lẹ́nu yóò le lójú òǹkàwé pẹ̀lú. Kí ó sì wá ènìyàn méjì tí yóò bá a kà á: ọ̀kan tí ó mọ èdè dáadáa, tí kò sì ní í bojú wẹ̀yìn kí ó tó sọ òótọ́; èkejì láàrin irú àwọn tí a kọ ọ́ fún gan-an. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí àwọn méjèèjì bá sọ pé orí kẹrin súni, kí òǹkọ̀wé má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ó ní lọ́kàn fún wọn. Kò ní í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí ó bá ra ìwé náà láti máa ṣàlàyé. Orí kẹrin ni kí ó lọ tún kọ.

Nínú ìwé Yorùbá, ohun mìíràn tún wà tí ó máa ń fa ìwé sẹ́yìn, òun ni àkọtọ́. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń kọ 'aiye' dípò 'ayé', 'enia' dípò 'ènìyàn', 'nwọn' dípò 'wọ́n', 'yio' dípò 'yóò'. Bí olóòtú bá rí irú èyí lójú ewé kìn-ín-ní, ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ púpọ̀ ń bẹ níwájú òun, owó púpọ̀ sì ń bẹ níwájú ilé-iṣẹ́ òun. Àmì ohùn náà ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó kọ 'o ra oko' láìfi àmì sí i kò tíì sọ bóyá ọkọ́ ni a rà, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀, tàbí oko. Ẹni tí ó wà ní ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé.

Kọ̀ǹpútà ti mú iṣẹ́ yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ìjàǹbá tirẹ̀. Lẹ́tà tí a fi àmì sí lábẹ́ àti lórí dáadáa nínú kọ̀ǹpútà kan lè di àpótí ṣófo nígbà tí a bá ṣí i nínú òmíràn, bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá sí nínú ìkejì. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé ṣe ẹ̀dà kan tí ìrísí rẹ̀ kò ní í yí padà, kí ó fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí tí a lè tún ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò wá kí wọ́n tó tẹ ìwé, kí ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Àṣìṣe tí a kò bá mú lọ́jọ́ náà yóò wà nínú gbogbo ẹ̀dà tí a bá tẹ̀.

A wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, 'atẹ̀wé' ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó ń tẹ ìwé, 'atẹ̀wé' náà ni a sì ń pe ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbé ìwé jáde. Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ wọn kò jọ ara wọn rárá. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá gbé ìwé wá, tí a sì san owó, yóò tẹ̀ ẹ́, ì báà dára, ì báà má dára. Ọjọ́ tí ó bá dì í tán ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Agbéwèéjáde ní tirẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ ṣòwò. Òun ni yóò san owó olóòtú, owó ayàwòrán àti owó atẹ̀wé, tí yóò sì gbé ìwé náà lọ sí ilé-ìtàwé àti ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí pé owó rẹ̀ ni ó ń náwó, ó ní ìdí láti yẹ ìwé wò fínnífínní. Àwọn kan wà ní àárín méjèèjì, tí wọ́n ń pe ara wọn ní agbéwèéjáde, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le: kí a wo ẹni tí ó ń san owó. Bí ó bá jẹ́ òǹkọ̀wé ni ó ń san gbogbo rẹ̀, ó ra iṣẹ́ ni, a kò gba ìwé rẹ̀ wọlé.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ? Kí òǹkọ̀wé lọ sí ibi tí a kó ìwé Yorùbá sí ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, kí ó ṣí ojú ewé tí ó tẹ̀lé àkọlé, kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde sílẹ̀. Èyí tí kò tẹ ju ìwé òfin àti ìwé ìṣirò lọ kò ní í gba ewì. Kí ó sì mọ̀ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ń yí padà. Ilé-iṣẹ́ Oxford tí ó wà ní Ìbàdàn, tí ó gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde ní 1970, ni ó di University Press ní 1978. Longman Nigeria ti di Learn Africa. Onímọ̀ tí ó bá ń wá ilé-iṣẹ́ kiri ní orúkọ àtijọ́ lè rò pé ó ti kú, nígbà tí ó kàn pààrọ̀ orúkọ.

Lẹ́tà tí a óò kọ sí wọn kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Kí ó sọ irú ìwé tí ó jẹ́, iye ojú ewé rẹ̀, àwọn tí a kọ ọ́ fún, ohun tí ó fi yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lórí àtẹ, àti ẹni tí òǹkọ̀wé jẹ́ ní gbólóhùn méjì. Kí ó fi ìsọníṣókí àti orí méjì tàbí mẹ́ta sí i. Kò yẹ kí ó máa yin ara rẹ̀, kò sì yẹ kí ó máa bẹ̀bẹ̀. Ohun kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé a kì í fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù. Ilé-iṣẹ́ lè lo oṣù mẹ́fà kí ó tó fèsì. Bí ó bá kọ̀, kí a má ṣe rò pé òtútù ti pa ìwé náà. Nígbà mìíràn, ìwé dára ṣùgbọ́n owó tí yóò gbà kò lè padà wálé. Nígbà mìíràn, irú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá sọ ìdí, kí a dúpẹ́, kí a sì fi tún iṣẹ́ ṣe. Bí wọn kò bá sọ ọ́, kí a gbé e lọ sí ibòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ká ní wọ́n gbà á. Ayọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ewu rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, bí a bá ti kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ ni ó ti di ti ẹni tí ó kọ ọ́. Kò dìgbà tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀ níbì kan. Ẹ̀tọ́ náà wà fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ogún ni. Òfin sì béèrè pé bí a bá fẹ́ gbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, ó gbọdọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Nítorí èyí ni ìwé àdéhùn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Oríṣi àdéhùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ ń san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀tọ́ sì di tirẹ̀. Nínú èkejì, òǹkọ̀wé ni ó ṣì ni ìwé rẹ̀. Ó fún ilé-iṣẹ́ láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń san ìdá kan fún un lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Kí a fi ìṣirò wò ó. Bí a bá ń ta ìwé kan ní ₦3,000, ìdá mẹ́wàá jẹ́ ₦300. Bí a bá ta 2,000 ẹ̀dà, owó òǹkọ̀wé di ₦600,000. Bí wọ́n bá fi ₦150,000 lọ̀ ọ́ kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí wọ́n san kò ju owó 500 ẹ̀dà lọ. Bí ìwé náà bá wá wọ inú àwọn ìwé tí a yàn fún ìdánwò, tí a sì ń tà á fún ogún ọdún, òǹkọ̀wé yóò máa rí i lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kọ́bọ̀ kò sì ní í wọlé. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ibi tí a ti ń ka ìdá mẹ́wàá náà tún ṣe kókó. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń yọ ìdá ogójì fún ilé-ìtàwé, ₦1,800 ni yóò wọ àpò wọn lórí ìwé ₦3,000. Ìdá mẹ́wàá ₦1,800 jẹ́ ₦180. Lórí 2,000 ẹ̀dà, ₦360,000 ni èyí, kì í ṣe ₦600,000. Ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìwé àdéhùn ni ó fa ìyàtọ̀ náà: ṣé iye tí a kọ sí ara ìwé ni a ó fi ṣírò, tàbí iye tí ó wọlé? Kí òǹkọ̀wé béèrè kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí ó sì rí i pé wọ́n kọ iye ìgbà tí wọn yóò máa jíhìn iye ẹ̀dà tí a tà fún un lọ́dọọdún.

Ohun kejì ni ẹ̀tọ́ lórí ìtumọ̀, eré orí rédíò àti fíìmù. Ọ̀pọ̀ ń fi èyí sílẹ̀ nítorí pé wọn kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ jáde, ní 1968, ni ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti kú ní 1963. Ó Le Kú tí Ìṣọ̀lá kọ jáde ní 1974. Ní 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Ta ni ó lè mọ̀ ní 1974 ohun tí ọdún mẹ́tàlélógún yóò mú wá? Nítorí náà, kí àdéhùn sọ ní pàtó pé ìwé títẹ̀ ní èdè Yorùbá ni a fún ilé-iṣẹ́ láṣẹ láti ṣe, àti pé ohun gbogbo tí ó kù ṣì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tàbí kí ó sọ ìdá tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn.

Ohun kẹta ni ọjọ́ ìpadàbọ̀. Bí ìwé bá tán lórí àtẹ, tí ilé-iṣẹ́ kò sì tún un tẹ̀ láàrin iye ọdún kan tí a fẹnu kò sí, kí ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé. Láìsí gbólóhùn yìí, ìwé lè dúró sínú ẹ̀wọ̀n láìkú láìyè. Kí òǹkọ̀wé tọ́jú ẹ̀dà àdéhùn náà síbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti rí i, nítorí pé bí ilé-iṣẹ́ bá pààrọ̀ orúkọ tàbí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé náà ni ẹ̀rí tí ó kù.

Àwọn kan yóò pinnu láti gbé ìwé wọn jáde fúnra wọn. Kò burú, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìtàn ìlú tàbí àkójọpọ̀ oríkì tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní í rí èrè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti di oníṣẹ́ méjì. Kí ó san owó fún olóòtú tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí yóò máa pọ́n ọn. Kí ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, ISBN, lọ́dọ̀ Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà, tí í ṣe onínọ́ńbà mẹ́tàlá láti 2007, kí ó sì fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Èyí ni yóò jẹ́ kí orúkọ ìwé náà wà nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè nígbà tí a kò bá rí i lọ́jà mọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi tẹ 2,000 ẹ̀dà nítorí pé atẹ̀wé sọ pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dín owó tó. Òótọ́ ni pé owó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń dínkù, ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà lábẹ́ ibùsùn kò san gbèsè. Ní báyìí tí ẹ̀rọ wà tí ó lè tẹ ẹ̀dà díẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún tàbí igba. Bí wọ́n bá tà, kí ó tún tẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọwọ́ ń tó ohun rere.

Ẹ̀sùn kan kù tí a gbọ́dọ̀ dáhùn. Àwọn agbéwèéjáde ń sọ pé àwọn Yorùbá kì í ra ìwé Yorùbá, àwọn òǹkọ̀wé sì ń fi èyí bínú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ń ṣàròyé pé a kò gba ìwé àwọn, mélòó ni ó ra ìwé Yorùbá kan láti ọdún tí ó kọjá? Olùkọ́ ni ó ń sọ fún ọmọ pé kí ó ra èyí, kí ó fi tọ̀hún sílẹ̀. Olùkọ́ ni ó tún lè sọ fún un pé kí ó má ṣe da ìwé kọ lódindi ní ibi ẹ̀rọ ìdàwékọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí pé oúnjẹ òǹkọ̀wé ni ó ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òǹkọ̀wé tuntun tí ó bá ń ra iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń kà á, tí ó sì ń kọ́ ọ ní kíláàsì, ń kọ́ ọjà tí òun náà yóò ná lọ́la.

Ní ìsọníṣókí, kí òǹkọ̀wé mọ ẹni tí ó ń kọ ìwé fún. Kí ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe títí yóò fi mọ́. Kí ó fi àkọtọ́ òde-òní kọ ọ́, kí ó sì fi àmì sí i. Kí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin atẹ̀wé àti agbéwèéjáde. Kí ó ka ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé iṣẹ́ náà kúrò nínú àpótí. Ikán kì í kàwé. Jíjẹ ni ó ń jẹ ẹ́.